Àyè Oríkì Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wa, ní Òkèṣà, n'Íléṣà,
lórí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń kan pósí.
Àlejò tó bá kọ́kọ́ dé máa ń ṣìnà wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀,
á wo pósí, á wo bébà ọwọ́ rẹ̀,
títí Fádípẹ̀ awakọ̀ á fi ké látòkè pé
"Ẹ máa gòkè bọ̀ o, ọmọ ni tiwa!"

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń tẹ̀wé níbẹ̀.
Orúkọ ìyá: a kò mọ̀ ọ́n.
Orúkọ bàbá: a kò mọ̀ ọ́n.
Ọjọ́ ìbí: Mojọlá á la ọmọ lẹ́nu, á fìka wá eyín,
á ní, "Kọ Ẹrẹ́nà. Òjò ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí eléyìí."
Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.
Ó ní ṣé èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n ni.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo ni ká wò fún ẹni tí wọ́n bá
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi ní Ìmọ̀,
nínú páálí bísíkíìtì, tí wọ́n fi ìdajì ìró wé?
Ìdajì.
Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹnìkan, níbì kan.

Ọ̀gá wa, Arábìnrin Ajíbóyè, kì í rẹ́rìn-ín lásìkò físà.
Ọmọ òṣómàáló ni, aṣọ àwìn ni bàbá rẹ̀ fi la Èkìtì já.
Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹ́ńbásì, á ní,
"Mi ò bá yín jà. Òṣó ni mo máa ló títí ẹ ó fi lu òǹtẹ̀."
Ó sì ló o, ẹni ọgọ́ta ọdún, tòun ti bàtà gogoro.

Láàárọ̀ tí ọmọ ń lọ, kò sẹ́ni tó ń jẹun.
Ìyá tuntun láti Nọ́wè ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọnmọ.
Mojọlá so ọ̀já, ó tú u, ó tún un so,
ó ní kò tíì dáa.
Kò sóhun tó ṣe ọ̀já.
Fádípẹ̀ tí ń sáré lójoojúmọ́
á wakọ̀ lọ sí pápákọ̀ bí ẹni gbẹ́yin.
Mo ti rí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí,
ẹyọ kan péré. Mo dá a padà síbi tó wà.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi rèé:
lẹ́yìn fáìlì kọ̀ọ̀kan mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ oríkì,
Àlàó, Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́,
wínníwínní, ní igun, kí òǹtẹ̀ má baà bò ó.
Ọ̀gá rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ jígí ojú, ó nù ún,
ó ní, "Àlàó yìí jọ ọ́," ó pa fáìlì dé.

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná,
ilé ni wọ́n ti ń múná lọ sóko.
Oko yìnyín ńkọ́, tó jẹ́ ìrìn òru gbáko lófurufú?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà kan dé,
àwòrán ọmọge tó dé fìlà òwú, tó pèjí.
Ó ní: ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé mi.
Àwọn òbí mi ò mọ̀ ọ́n pè.
Báwo lẹ ṣe ń pè é?

Mojọlá wo eyín inú fọ́tò: "Ẹrẹ́nà ni. Mo wí bẹ́ẹ̀."
Fádípẹ̀ lọ fọ ọkọ̀ tí kò dọ̀tí.

Báwo lèèyàn ṣe ń kọ ohùn sínú lẹ́tà?
Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí:
Pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa ni kí o gùn.
Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, wí pé À.
Láàárín, níbi tí àgbà ti ń dúró mí, wí pé jọ.
Lókè pátápátá, kẹ́.

Mo pè é sókè kí n lè mọ̀ bóyá ó tọ̀nà.
Oníṣọ́ọ̀bù dáhùn nísàlẹ̀, ó ní ta ni mò ń pè.
Mo ní kò jìnnà.